Agolo Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọlọ́run tó fi adùn sínú afárá, tó sì fi oró sí ìdí oyin kan náà, má jẹ̀ẹ́ kí a na ọwọ́ sí ọ̀kan kó jẹ́ èkejì la máa bá.

Àwọn ọmọ kò tíì jí tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ nílé Aránṣọ lọ́jọ́ ọdún ọmọdé. Pálọ̀ wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣíìnì wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, òkìtì àjákù aṣọ sì wà lábẹ́ tábìlì bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò gé aṣọ lọ́jọ́ náà. Bàsíà ńlá kan ló gbé sórí tábìlì, súwíìtì kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ó ń bù wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké, ó ń fi ìrẹ́pẹ́ aṣọ dì wọ́n lẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Pẹ́ńtà, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fa ṣòkòtò iṣẹ́ wọ̀, ṣòkòtò tí àwọ̀ gbogbo ilé tó ti kùn rí ti kán sí.

"Aránṣọ, ṣé èyí ò ì tó ni? Eyín ọmọ mélòó lo fẹ́ kó dànù lọ́dún yìí?"

"Kò tó. Ẹ ò rí ọ̀rá tí Ìyá Onílé pín léṣìí ni? Ọmọ ò lè fi ọwọ́ kan gbé e. Tèmi ńkọ́? Rédíò ní mo ṣe bí ẹni tó ń pín oògùn, mo ń ṣà á ní ẹyọ ẹyọ."

Rédíò ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í kú, kò sì ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀.

"Mo ti sọ tèmi fún ọ," ni Pẹ́ńtà wí. "Jẹ́ kí n kun ògiri ẹ̀yìnkùlé ní funfun. Ọ̀dà oríṣiríṣi ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ máa ya ohun tó bá wù wọ́n sára rẹ̀. Kí a gé ọsàn fún wọn, kí a yan ẹ̀pà, kí Màmá pa àlọ́. Ọmọ kan, súwíìtì kan, ó parí. Wọn ò ní gbàgbé rẹ̀ láyé."

"Ọsàn!" Aránṣọ pàtẹ́wọ́. "Kí wọ́n lè máa pè mí ní Ìyá Ọlọ́sàn títí tí màá fi wọlẹ̀? Bàbá ilé, ẹ máa lọ kun ògiri ológiri, ẹ jọ̀ọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Láti orí àga rẹ̀ ní igun, Ìyá Àgbà, ìyá Pẹ́ńtà, tú ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Ohun tí a jẹ tí kò tán, eèrà ló ń bá wa parí ẹ̀."

Pẹ́ńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jáde.

Àṣà àdúgbò náà ni pé tí oòrùn bá ti kúrò ní àárín orí, àwọn ọmọ a máa tò láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ilé kọ̀ọ̀kan a sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá kan. Àwọn ọmọ ń wo súwíìtì. Àwọn ìyá wọn ń wo ọ̀rá ta ló wúwo jù. Tó bá di ọjọ́ kejì, gọ́tà a kún fún bébà títí omi ò fi ní rí ọ̀nà gbà, eyín á máa dun ọmọ kan níbí, inú á máa run òmíràn lọ́hùn-ún, wọn á ní ọdún dùn.

Nígbà tí Aránṣọ bu bàsíà kan ìdí, ọ̀rá tó wà nílẹ̀ kò tíì kún. Ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbójú sókè, ó sì rí agolo súwíìtì èṣí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, agolo tó ní àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gun àga, ó gbé e, ó mì í. Ó dún. Ó ṣí i: bébà aláwọ̀ wúrà ló ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ lẹ́nu ní ọ̀tún lósì bí súwíìtì ṣe máa ń rí.

"Olúwa, o ṣeun tó o kó mi yọ," ló wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà.

Díẹ̀ ta sílẹ̀. Ó ṣà wọ́n. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ń rá lábẹ́ tábìlì láàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Ìwọ, má fọwọ́ kan nǹkan kan o! Tìrẹ nìyẹn lórí ìṣó. Tó o bá jẹun tán ni màá já a fún ọ."

Ilẹ̀kùn dún. Àwọn ọmọ dé. Aránṣọ pín ọ̀rá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ojú àwọn ìyá tó dúró lẹ́yìn, ó sì rí i pé wọ́n rí i.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà na ọwọ́ síwájú.

"Akọ́bí, ọmọ mi, gbé agolo mi wá. Ebi ń pa mí, jẹ́ kí n lo ti ìrọ̀lẹ́ kí n tó jẹun."

Akọ́bí ni ọmọbìnrin tó ṣáájú, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ṣe bí ìyá arúgbó. Ó gun àga. Ó gbé agolo náà. Wọ́n rí i tó dúró lórí àga, tó ń mì í létí, tó tún ń mì í.

"Màmi, ta ló mú oògùn Màmá Àgbà?"

"Oògùn wo?" Aránṣọ ti padà sídìí máṣíìnì, ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

"Tó wà nínú agolo yìí."

"Súwíìtì èṣí ló wà nínú…"

Òwú bọ́ lójú abẹ́rẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Oògùn àtọ̀gbẹ ni Ìyá Àgbà ń lò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìka rẹ̀ ti le, kò lè tẹ oògùn jáde nínú páálí rẹ̀ mọ́; ojú rẹ̀ kò sì mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lára oògùn. Akọ́bí ló gbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀. Ó tọ́jú bébà wúrà súwíìtì èṣí, ó ń tẹ oògùn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bébà wé e, ó ń fi òwú ìyá rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà so ó lẹ́nu: kókó kan fún àárọ̀, kókó méjì fún ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà á fi ọwọ́ bà á, á mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn méjèèjì. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tó bá dùn mọ́ arúgbó àti ọmọdé, wọn kì í fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe wàhálà wá dá sí i. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì gbé agolo sí nítorí Àbígbẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n gbé e sí kí ọmọdé má baà rí i, ibẹ̀ gan-an ni àgbà ti rí i.

Pẹ́ńtà wọlé bá wọn báyìí, ọ̀dà funfun lójú ìpéǹpéjú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí àga.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

Akọ́bí ló sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ń wo ilẹ̀.

Pẹ́ńtà kò pariwo. Èyí gan-an ló ba Aránṣọ lẹ́rù jù. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ojú títì, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Èyí tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀?" ni ọkùnrin náà wí. "Pẹ́ńtà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹyọ kan ṣoṣo lè mú ọmọ kékeré sùn, kó má jí mọ́. Ẹ lọ gbà wọ́n padà. Ọmọ tó bá ti gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣe é. Tó bá ṣì lajú, ẹ fún un ní omi ṣúgà lọ́nà. Tí kò bá lajú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu."

"Àbígbẹ̀yìn ńkọ́?" ni Pẹ́ńtà béèrè.

"Ó ń sùn. Ẹ rọra." Aránṣọ na ọwọ́ gba ọ̀rá tó wà lórí ìṣó. Ìrẹ́pẹ́ aṣọ tó fi dì í ṣì wà bó ṣe dì í. Ó tú u, ó dà á sórí tábìlì. Kò sí bébà wúrà kankan níbẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò kan tiwa."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ọmọ náà ti wà láàárín àjákù aṣọ, ó ká jọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó fi ègé aṣọ kan nù ún.

"Ooru," ló wí.

Nígbà tí ó ń wọ bàtà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ pé, "A ò ní sọ pé oògùn ni o. A máa ní eèrà ló wọ súwíìtì. A ó gbà á padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí Rédíò bá gbọ́ ọ, a ti parí ládùúgbò yìí. Ikú yá ju…"

"Ikú ta ni?" ni Ìyá Àgbà wí láti igun.

Aránṣọ dúró, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, ìwọ ni mò ń bi. Ikú ta ni o fẹ́ fi bo ẹ̀sín ẹ? Tìẹ ni, àbí ti ọmọ ọlọ́mọ?"

Aránṣọ wọ bàtà kejì, ó jáde. Pẹ́ńtà gba apá òkè lọ, òun gba apá ìsàlẹ̀, Akọ́bí tẹ̀ lé e.

Ilé Oníburẹ́dì ló kọ́kọ́ yà. Ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, fúláwà dé ìgunpá, ó ń gba atẹ́gùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tú ọ̀rá kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ súwíìtì pupa fún aláwọ̀ ewé.

"Oníburẹ́dì, ẹ kú ìsinmi. Ẹ má bínú, mo fẹ́ gba súwíìtì tí mo fún wọn padà ni. Eèrà ti wọ inú rẹ̀."

Oníburẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Eèrà? Aránṣọ, èmi àti eèrà la jọ ń pín fúláwà jẹ níbi iṣẹ́! Tí eèrà bá ń pa èèyàn, èmi ni ì bá ti kọ́kọ́ kú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa jẹ ẹ́ ní tiyín. Ẹran ló wọ inú rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má…"

"Àbí ẹ fẹ́ lọ fún ẹlòmíràn ni? Ẹ̀bùn tí a fi ọ̀tún fúnni, a kì í fi òsì gbà á, o jàre."

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ti tú bébà wúrà kan. Nǹkan funfun kékeré kan wà láàárín ìka rẹ̀. Ó wò ó, ó gbé e lọ sẹ́nu. Ó ti kan ètè rẹ̀.

Aránṣọ kò mọ̀gbà tí ọwọ́ òun fò. Ó gbá ọwọ́ ọmọ náà dànù. Nǹkan funfun náà ta sórí àtẹ̀gùn, ó yí, ó dúró. Ọmọ ké. Oníburẹ́dì dìde gìrì.

"O gbá ọmọ mi? Lójú mi? Nítorí súwíìtì?"

"Oògùn ni!" Ẹnu Aránṣọ là, kò tún ṣeé pa dé mọ́. "Oògùn ìyá ọkọ mi ni! Kì í ṣe eèrà. Mo parọ́. Èmi ni mo da oògùn sínú súwíìtì, mi ò mọ̀. Gbogbo èyí tó bá wà nínú bébà wúrà, oògùn ni. Ẹ gbà mí, ẹ bá mi wò ó, ó lè pa ọmọ."

Oníburẹ́dì wo nǹkan funfun tó wà nílẹ̀. Ó wo ètè ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà sókè, ó fi ìka fúláwà gbá ẹnu rẹ̀ yíká nínú.

Rédíò ti dúró lẹ́yìn wọn. Ta ló mọ ìgbà tó dé?

"Hẹ̀ẹ́n!" ló wí. "Ẹni tó ń bá onílé du ipò! Mo ti mọ̀ pé ọ̀rá yẹn wúwo ju ọwọ́ tó gbé e lọ!"

Lẹ́yìn náà ó ká ìró sí ìbàdí, ó sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì ké. Ọlọ́run kì í dá ẹnu lásán. Ẹnu tó ti fi ọ̀pọ̀ èèyàn sójú títì láì ṣẹ̀, lọ́jọ́ náà ló rí iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. "Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ o! Bébà wúrà! Ẹ yọ bébà wúrà lẹ́nu ọmọ yín! Oògùn ni! Ẹ má jẹ bébà wúrà o!"

Fèrèsé ṣí. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn òbí ń fa ọmọ wọlé, wọ́n ń la ẹnu wọn wò bí ẹni tó ń wo eyín ẹṣin. Ẹnìkan ń sunkún, ẹnìkan ń ṣépè. "Ṣé ó fẹ́ kó wa lọ́mọ tán ni?" "Aránṣọ wo? Èyí tó rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ mi?" Bébà wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ Akọ́bí, ẹyọ kan níbí, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún, ó ń gbà wọ́n sínú fìlà bàbá rẹ̀ tó mú dání láti ilé. Àwọn kan ń fi í lé e lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Àwọn kan ń jù ú sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ kó ṣà á. Aránṣọ ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà á.

Ní ilé Ìyá Onílé, pálọ̀ tó ní táìlì dídán, ọ̀rá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kún orí àga bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ìyá Onílé ti gbọ́. Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, gèlè lórí.

"Ìwọ obìnrin yìí. Mo ní ìwọ obìnrin yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Onílé. Ẹ bú mi tán lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Wọ́n da gbogbo ọ̀rá náà sórí táìlì. Súwíìtì tàn ká pálọ̀, ó wọ abẹ́ àga, ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ti Aránṣọ wà nínú rẹ̀, ti Ìyá Onílé wà nínú rẹ̀, ti gbogbo ilé wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ èyí tí òun rà mọ́. Ìyá Onílé wò ó títí. Gèlè rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn. Ó ká ìró sókè, ó kúnlẹ̀ lórí táìlì tirẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tú u. Súwíìtì pọ̀ débi pé ikú ráyè fara pamọ́ sáàárín rẹ̀.

Wọ́n rí bébà wúrà mẹ́ta níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Pẹ́ńtà ti dé pẹ̀lú tirẹ̀. Ìyá Onílé tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó pè é. Oníburẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akọ́bí da fìlà sórí tábìlì ìgéṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà: kókó kan, kókó méjì; àárọ̀, ìrọ̀lẹ́; ó ń tò wọ́n ní méjì méjì bí ó ṣe ń tò wọ́n fún ìyá àgbà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ti orí àtẹ̀gùn Oníburẹ́dì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró. Yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́ òní, tí Ìyá Àgbà ti lo ti àárọ̀ rẹ̀, kókó méjì kan tún wà nílẹ̀ tí kò ní ẹnìkejì.

"Ti àárọ̀ ló dín ní ẹyọ kan," ló wí.

"Tún un kà," ni Aránṣọ wí.

"Mo ti tún un kà, Màmi."

Ní ìsàlẹ̀, ohùn Rédíò ṣì ń lọ. Ẹyọ kan. Ọmọ ta ni? Ọ̀nà wo? Ọmọ wo ló ti wọlé, tí wọ́n ti bo aṣọ mọ́, tí wọ́n ní ó ti sáré jù lónìí, ẹ jẹ́ kó sùn? Aránṣọ ń ro gbogbo ojú kéékèèké tó dúró níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ọmọ tirẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," ni Ìyá Àgbà wí.

"Màmá, a ti dákẹ́," ni Pẹ́ńtà wí.

"Ẹ tún dákẹ́. Ta ló ń hanrun?"

Wọ́n gbọ́ ọ nígbà náà. Ohùn kékeré, tó wúwo, tó ń fà, láti abẹ́ tábìlì.

"Ọkọ mi kì í hanrun," ni Ìyá Àgbà wí. Báyìí ló ṣe ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti bí i, kò hanrun rí."

Aránṣọ bẹ́ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí nǹkan kan lẹ́bàá ibi tó máa ń tẹ ẹsẹ̀ sí tó bá ń rán aṣọ. Ó wolẹ̀. Bébà wúrà ni, ó ti tú, ó ti rún, òwú tirẹ̀ ṣì wà ní ẹnu ọ̀kan. Kókó kan.

Igbe tó jáde lẹ́nu rẹ̀ mú kí Rédíò dákẹ́ nísàlẹ̀.

Pẹ́ńtà ti fa ọmọ náà jáde. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn bí ti ọmọlangidi. Aṣọ rẹ̀ tutù jìnnìjìnnì, ara rẹ̀ tutù bí ìkòkò omi. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó la ojú díẹ̀, funfun rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ó tún pa á dé.

"Ọkọ̀ mi," ni Ìyá Onílé wí. Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn, kò wọ bàtà. "Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀!"

Oníburẹ́dì gbé Ìyá Àgbà wálẹ̀ lápá bí àpò fúláwà, nítorí pé arúgbó náà ní òun ò ní dúró. Akọ́bí di ike ṣúgà àti ìgò omi mú, kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn èèyàn tó ń ṣépè lójú ọ̀nà yà sápá kan.

Nínú ọkọ̀, ọmọ náà wà ní itan ìyá rẹ̀. Ọ̀nà kún fún àwọn tó ń ṣe ọdún, Ìyá Onílé ń tẹ fèrè ọkọ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń bú àwọn tó dúró lójú ọ̀nà, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun búni.

"Kò lajú," ni Aránṣọ ń wí. "Wọ́n ní tí kò bá lajú, ká má fún un ní nǹkan kan. Bàbá ilé, kò lajú. Màmá, kò lajú."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ tó le náà, ó wá ojú ọmọ náà rí, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gòkè:

"Ọkọ mi, dìde, ilẹ̀ ò tíì ṣú.
Ọmọ a-kun-ògiri-bí-ojú-ọ̀run,
Ọmọ a-fi-abẹ́rẹ́-kan-so-ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀-pọ̀.
Baba rẹ kun ilé, òjò wẹ̀ ẹ́, kò ṣí.
Ìyá rẹ rán ẹ̀wù, ayé fà á, kò ya.
Òwú ìyá rẹ kì í já lójijì,
Tìrẹ ò gbọdọ̀ já lónìí.
Lajú, ọkọ mi, lajú kí o wò mí.
Ojú tèmi ti ṣú,
Tìrẹ ni mo fi ń ríran."

Ó ki oríkì náà dé òpin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìpéǹpéjú ọmọ náà gbọ̀n. Ó lajú. Ó wo òkè bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ó sì sunkún, igbe tí kò ní agbára, ṣùgbọ́n igbe ni. Aránṣọ ki ìka bọ omi, ó ki í bọ ṣúgà, ó fi ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ń lá a. Ìyá Àgbà kò dákẹ́ kíkì títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nígbà tí dókítà gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn tó sì sáré wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ohùn arúgbó náà ṣì ń tẹ̀ lé e lọ nínú kọ́rídọ̀.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níka, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, fa omi ṣúgà sí i ní iṣan ọwọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó jáde wá bá wọn.

"Ó ti ń dáhùn. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó tún lè fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. A ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ di ọ̀la. Ta ló mọ̀ pé kò sun oorun lásán?"

Wọ́n wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀.

Ní orí bẹ́ǹṣì tó wà ní kọ́rídọ̀, Ìyá Onílé ń fi ẹsẹ̀ kan bo èkejì nítorí táìlì tutù. Nígbà tó yá, ó ní, láì wo ojú ẹnikẹ́ni:

"Pẹ́ńtà. Ògiri tí ìyàwó ẹ ní o fẹ́ kùn fún àwọn ọmọ yẹn. Ògiri tèmi gùn jù ú lọ."

Pẹ́ńtà mi orí pé òun gbọ́. Ìka Aránṣọ tó fi ń pa ṣúgà sí ọmọ lẹ́nu ṣì ń lẹ̀ mọ́ra. Ó ń nù ún lára aṣọ, ó ń nù ún, kò kúrò.

Akọ́bí dúró lọ́nà jíjìn, ó kọjú sí ògiri. Wọ́n fún un ní omi, kò mu ún.

Nọ́ọ̀sì kan gbé oúnjẹ díẹ̀ wá fún Ìyá Àgbà, pẹ̀lú páálí oògùn tí wọ́n ní kó lò, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, kò sì tíì lo oògùn rẹ̀. Aránṣọ rí páálí náà, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá Àgbà gbà á. Ó fi ọwọ́ bà á lọ, bà á bọ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án síwájú, sí apá ibi tí ó ti gbọ́ èémí ọmọdé kan.

"Akọ́bí. Wá tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi."

Ọmọ náà tún fara mọ́ ògiri.

"Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì…"

"Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi ni?"

Akọ́bí wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé páálí náà ń dún. Ó tẹ̀ ẹ́. Oògùn funfun náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, bàbá rẹ̀ ń wò ó. Arúgbó náà pa ọwọ́ rẹ̀ dé mọ́ ti ọmọ náà, ó di í mú títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀, ó sì gbé oògùn náà sẹ́nu lójú gbogbo wọn, ó gbé e mì.

Nínú yàrá tó kọjú sí wọn, Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí ẹkún náà ṣe ń le sí i.